Ajá Tí Kò Jẹ́ Kí N Kí Ènìyàn

Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, tí mo di okùn ajá mú, tí mo gbé àpò ẹja yíyan kọ́ èjìká, á rò pé orí mi ti dàrú. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ekpan lọ sí Jeddo, ní apá Warri níbí, rò bẹ́ẹ̀. Odindi kẹ̀kẹ́ ni mo háyà, nítorí kò sí èrò tí yóò gbà láti jókòó ti ajá mi, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ọkùnrin náà bi mí pé níbo ni mò ń gbé ajá lọ, mo ní sùkúù ni. Ó wò mí nínú dígí, ó sì tẹná mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Sùkúù ni lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó ti ń bá ajá ṣiṣẹ́ tipẹ́ ló dá a sílẹ̀ lórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọn kò lò mọ́. Eré ló ń kọ́ àwọn ajá níbẹ̀: kí wọ́n fo páìpù tí wọ́n gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n gba inú táyà kọjá, kí wọ́n gun pákó gígùn kan kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, kí wọ́n rákò gba inú àgbá róbà tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ dànù. Ẹni tó ni ajá yóò máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. Kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi èmi àti ajá mi sí.

Kì í ṣe eré ló gbé mi débẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wa ti fún mi ní gbèdéke. Bí àlejò bá ti kan géètì, bí ajá mìíràn bá kọjá lójú títì, bí ọmọ ayálégbé bá kàn sáré lọ pọn omi, ajá mi á gbaná jẹ. Á dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á máa gbó bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa á, á máa fa okùn títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi há. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró kó wádìí ìyẹn? Lánlọ́ọ̀dù ní bí kíláàsì náà bá parí, òun fúnra òun yóò mú ajá tòun wá sí ẹnu géètì. Bí tèmi bá dákẹ́, kó máa gbé. Bí kò bá dákẹ́, kó máa lọ. Ọmọkùnrin mi tó wà lókè òkun ti gbọ́, ó sì ti bá mi wá ẹnì kan tó ní oko adìyẹ tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ẹnìkan ní kí n máa ta ata gígún mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ajá kì í gbọ́n láìjẹ ẹgba. Mo fi ọwọ̀ nà án lẹ́ẹ̀kan. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wò mí, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, gbígbó rẹ̀ le ju ti àná lọ.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò kúkú jẹ́ kó máa lọ sí oko adìyẹ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí ní Warri yìí, Yorùbá ni mo sì fi tọ́ wọn láti kékeré. Pijin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n fi lọ. Nínú ọgbà ilé wa, Pijin ni. Ní ọjà Enerhen, Pijin ni. Ọkọ mi nìkan la jọ ń sọ Yorùbá nínú ilé, ó sì ti kú. Lẹ́yìn tí àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ti tú ká, mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ìyẹ̀wù, tí mo ń bi ajá bóyá ó ti jẹun. Etí rẹ̀ méjèèjì nà sókè. Láti ìgbà yẹn ni Yorùbá ti wà láàárín àwa méjèèjì. Ajá mi kò gbọ́ Pijin rárá. Bí o bá fi Pijin ní kó jókòó, á máa wò ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìgbà tí mo bá sùn, àfi òun. Mo dá wà. N kò ní fi bò.

Nítorí náà, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù, inú mi dùn sí kíláàsì yìí fún ìdí kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé n óò bá àwọn ènìyàn pàdé níbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ ẹ̀bá omi. Ìyá mi kọ́ wa pé bí o bá dé ibi tí ènìyàn wà, bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, kí wọn títí dé etí kejì. Ẹni tí o bá fò nínú wọn, o ti bú u. Ọmọ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láìkí i, ilé tó ti jáde wá ni wọ́n máa ń bèèrè. Nígbà tí mo dé pápá náà tí mo rí wọn tí wọ́n tò sábẹ́ igi, olúkúlùkù pẹ̀lú ajá tirẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ wọn lọ tààrà, èmi àti ajá mi, ojú mi ń rẹ́rìn-ín. Mo kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú ajá onírun funfun wá. Mo bi í nípa iṣẹ́, mo bi í nípa ilé. Ajá mi ti le gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò wo ibẹ̀. Mo bọ́ sọ́dọ̀ obìnrin kejì, ajá dúdú gìrìwò kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti kí i báyìí, tèmi fò mọ́ wọn. Okùn bó mi láwọ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà ṣubú sínú iyanrìn, àwo ẹ̀pà rẹ̀ dà nù, gbogbo ajá orí pápá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùkọ́ náà kò sáré. Ó rìn wá, ó dúró sáàárín àwa àti wọn, ó ní kí n yí ẹ̀yìn padà kí n máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì tó wó lápá ọ̀hún. Mo ti mọ̀ pé yóò ní kí n máa lọ sílé ni.

"Mama," ó ní, "you dey greet too much."

Mo bi í pé ìgbà wo ni kíkí ènìyàn di ẹ̀ṣẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ààlà kan wà fún gbogbo ajá tó máa ń gbaná jẹ. Bí nǹkan bá ṣì wà lẹ́yìn ààlà yẹn, yóò rí i, yóò sì lè gbọ́ ohun tí o bá sọ. Bí nǹkan náà bá ti rékọjá ààlà, kò tún gbọ́ èdè kankan mọ́. Ó ní bí ajá bá ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ ajá ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú ko ojú, ìjà ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe mú tèmi lọ bá wọn, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ èkejì, láìjẹ́ kó mí. Yorùbá ní ajá tó bá rí ẹni tẹ̀lé e ni yóò pa ọ̀bọ. Tèmi rí mi lẹ́yìn ara rẹ̀, gbogbo ayé bá di ọ̀bọ lójú rẹ̀.

Ó ta tapólì aláwọ̀ búlúù kan sáàárín òpó méjì ní ìpẹ̀kun pápá, ó ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ni kí n máa dúró. Àwọn yòókù ni kó kọ́kọ́ dé kí èmi tó dé; èmi ni kí n kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó lọ. N kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, n kò gbọdọ̀ juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe ojú mẹ́rin. Bí ajá mi bá rí ajá mìíràn tí kò ì tí ì gbó, kí n yìn ín, kí n fún un ní ẹja, kí n yí ẹ̀yìn padà, kí n kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Inú bí mi. Mo wọ aṣọ tó dára, mo jáde láti lọ rí ènìyàn, wọ́n wá fi mí sẹ́yìn tapólì. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa owó epo àti nípa iná tí kò sí. Mo ti ṣe opó tán, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n tún dá mi padà sínú ilé opó. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún ajá mi pé òun ló kó bá mi, àti pé bí kò bá jẹ́ tòun ni, èmi náà ìbá wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún tí n óò máa jẹ ẹ̀pà. Ó ń jẹ ẹja rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn gan-an di wàhálà. Bísíkíìtì inú ike ni àwọn yòókù ń mú wá fún ajá tiwọn. Ẹja yíyan ni tèmi, ojúlówó, èyí tí wọ́n fi èéfín igi ẹ̀gbà etí omi yan títí tó fi dúdú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ mi lọ, gbogbo ajá á kọ ẹ̀yìn sí olúwa wọn, wọ́n á máa wo tapólì. Olùkọ́ bẹ̀ mí pé kí n yí oúnjẹ náà padà. Mo kọ̀. Mo ní bí wọ́n bá lè fi mí sẹ́yìn tapólì, wọ́n lè gbé tapólì náà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn ẹja mi lọ bá wọn. Wọ́n sì gbé e lọ lóòótọ́.

Díẹ̀díẹ̀, ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Yóò rí ajá ní ọ̀ọ́kán, etí rẹ̀ á dìde, lẹ́yìn náà á yí ojú padà wò mí. Bí ó ṣe ń yí ojú yẹn padà, ńṣe ni ọkàn mi ń yọ̀. Nígbà tí ó bá kan wa láti sáré, gbogbo wọn á sún sẹ́yìn lọ sí ìpẹ̀kun kejì, a ó wá jáde láti ẹ̀yìn tapólì bí ẹni tó jáde láti inú àhámọ́. Mo ń sáré, èmi àgbàlagbà obìnrin, ìró mi ń tú. Ajá mi fo páìpù láìfi ẹsẹ̀ kàn án. Ó gba inú táyà. Ó gun pákó, ó dúró lókè díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tí òun fẹ́ rà, ó sọ̀ kalẹ̀. Nínú gbogbo ajá tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó yá ju tèmi lọ. N kò sọ ọ́ láti fi yangàn, bó ṣe rí ni.

Wọn kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ fún wa, nítorí ariwo. Olùkọ́ ní kí wọ́n na ọwọ́ sókè dípò rẹ̀. Wọ́n dúró lọ́hùn-ún, gbogbo wọn na ọwọ́ méjèèjì sókè láìsọ̀rọ̀, bí ìjọ tó ń gba àdúrà. Ó wù mí kí n kígbe pé ẹ ṣeun. Ó wù mí kí n lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fún ajá ní ẹja, a sì padà sẹ́yìn tapólì.

Ọgbà wáyà ló wà lẹ́yìn ibi tí mo ń dúró sí, ọ̀nà tóóró kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré aláṣọ funfun kan. Lọ́jọ́ kan tó kù díẹ̀ kí kíláàsì wa parí, mo ń bá ajá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní, "Wò mí. Ó káre. Wò mí," nígbà tí ìyá àgbà kan dúró lẹ́yìn wáyà náà. Ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ọwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì de ìsìn ọjọ́ kejì. Ó dàgbà tó ìyá mi. Ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó sì ti gbọ́ ilé mi nínú rẹ̀. Ó kí mi. Kì í ṣe Yorùbá inú ìwé tí mo fi ń kọ ìtàn yìí ló fi kí mi o. Ìlàjẹ ni, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ti odò dé.

Orí mi wú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò gbọ́ ohùn yẹn. Ó sì tún jẹ́ pé àgbà ló kọ́kọ́ kí mi, èmi tó yẹ kí n ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó la ẹnu.

Mo wo ajá mi. Ó ti rí i. Ara rẹ̀ ti le, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dìde, ó wà lórí ààlà náà gan-an. Mo mọ̀ dájú pé bí mo bá fọhùn sí ìyá yẹn, yóò fò mọ́ wáyà, gbogbo ohun tí a ti kọ́ láti ọjọ́ yìí wá yóò sì fọ́ dànù. Lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀. Ọkùnrin olóko adìyẹ ń dúró dè wá. Mo yí ẹ̀yìn padà sí ìyá àgbà náà, mo fa ajá mi jẹ́jẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ tó tún kí mi lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ohùn sókè, ó rò pé n kò gbọ́ ni.

Olùkọ́ ti rí wa láti ọ̀ọ́kán. Ó wá sọ fún mi pé nínú gbogbo ìgbà tí mo ti ń yí ẹ̀yìn padà, kò sí èyí tó dára tó ìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sunkún lẹ́yìn tapólì níbi tí kò ti rí mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ti pinnu pé bí mo bá tètè rí ìyá àgbà náà lókèèrè, n óò fún olùkọ́ ní okùn mú, n óò sì sáré lọ bá a. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òwúrọ̀ ni ìyá náà dé lọ́jọ́ náà, kí olùkọ́ tó wá sápá ọ̀dọ̀ wa. Ó fi ọwọ́ lé wáyà, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, ẹ̀bá omi wo ni wọ́n ti bí mi. Ìbéèrè tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bi mí ní Warri láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo tún yí ẹ̀yìn padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó gbé ọwọ̀ rẹ̀ sí abíyá, ó sì ń lọ.

Mo tu ara mi nínú. Mo ní kí ajá kọ́kọ́ yege ná. Bó bá yege, n óò fi í sílé, n óò wá ìyá yìí lọ, n óò kúnlẹ̀, n óò rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra ní ilé ìdáná, ní Ìlàjẹ, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ sọnù lẹ́nu mi. Ajá mi ló ń gbọ́ ọ. Mo sọ orúkọ ìyá mi fún un, mo sọ orúkọ abúlé wa, mo sọ irú ọkọ̀ ojú omi tí bàbá mi ń wà.

Nígbà tí kíláàsì parí, lánlọ́ọ̀dù wá bó ṣe wí. Ó dúró sí ẹnu géètì pẹ̀lú ajá rẹ̀, àwọn ayálégbé yọjú lójú fèrèsé. N kò kí i. Mo fi ojú mi sí ara ajá mi. Etí rẹ̀ dìde. Ó wo ajá yẹn, ó pẹ́ lójú mi bí odindi ọdún, ó wá yí ojú padà wò mí. Mo fún un ní ẹja. Lánlọ́ọ̀dù rìn kọjá, ó tún rìn padà, ajá mi kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní kó máa gbé. Mo wọlé, mo jó nínú ìyẹ̀wù, èmi àti ajá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí wọ́n bá tún gbé gbogbo rẹ̀ síwájú mi lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni n óò tún ṣe.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi ajá sílé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn èrò, a fún ara wa pọ̀, mo sì kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró sí ojú ọ̀nà tóóró yẹn, lẹ́yìn wáyà, títí mo fi rí sùtánà funfun lókèèrè. Nígbà tó sún mọ́ mi, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú iyanrìn, mo sì kí i ní Ìlàjẹ, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi.

Ó dúró. Ó wò mí dáadáa. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ mí.

"Good morning, madam," ó ní. "How your dog?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ra nǹkan ní ìsọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ ní ilé ìdáná pòórá lẹ́nu mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé ara ajá yá, Ìlàjẹ ni mo sì fi sọ ọ́.

"Thank God," ó ní. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.